Iná àdúrà tí mo ní tẹ́lẹ̀ ti lọ sílẹ̀: ṣé mò ń dàgbà ni, àbí mo ti tutù?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí n kò tíì lè gbé lọ bá ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa, nítorí ẹni tó dúró ṣinṣin ni gbogbo wọn kà mí sí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ìsọ́ òru kì í sú mi, mo lè gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, bí mo bá sì ti la ẹnu àdúrà, omijé ni. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, ìyá ọkọ mi tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ń gbé lọ́dọ̀ wa, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo sì ń jí kí n lè tètè rí ọkọ̀ wọ̀ láti Ìbàfò lọ sí Èkó. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti ń ka Bíbélì lórí fóònù, àkàsùn sì ni. Ní alẹ́, bí mo bá ti fún Màmá lóògùn tán, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá ọmọ wọn ti dé láti ibi iṣẹ́, wọn a bi mí títí, èmi náà a sì máa dá wọn lóhùn bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, àdúrà mi kì í ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Ìjọ Áńgílíkà ni ọkọ mi ń lọ, ibẹ̀ ni gbogbo wa sì ń lọ, kò sí ariwo níbẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn tù mí nínú lásán: kí ni kí n ṣe?

Arákùnrin Ajíhìnrere:
Arábìnrin wa, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Nínú Ìfihàn orí 2, ìjọ Éfésù ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní sùúrù, síbẹ̀ Olúwa bá wọn wí pé wọ́n ti fi ìfẹ́ ìṣáájú wọn sílẹ̀. Ẹ gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gun orí òkè àdúrà lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí iná náà tún ràn.

Ìyá Àgbà:
Ajíhìnrere, ọ̀rọ̀ rẹ kì í ṣe irọ́, àmọ́ ta ni yóò fún ìyá arúgbó yẹn lóògùn fún ọjọ́ mẹ́ta náà? Àwọn ará Kọ́ríńtì kò ṣaláìní ẹ̀bùn kankan, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ ní orí kìíní ìwé tó kọ sí wọn, síbẹ̀ nígbà tó fi máa dé orí kẹta, ọmọ ọwọ́ ló pè wọ́n, nítorí owú àti ìjà tó wà láàárín wọn. Kò bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń sunkún tó níbi àdúrà. Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, nígbà tí o wà ní yunifásítì, bí ẹnì kan bá bi ọ́ ní ìbéèrè kan náà títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣé o kò ní fajú ro? O kọ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ sílẹ̀ bí ohun tí kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni èmi ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ. Sùúrù wà nínú ohun tí Pétérù ní kí á fi kún ìgbàgbọ́ wa. Ó sì rẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Nígbà tó rẹ Èlíjà, tó ní kí òun kú, oorun àti oúnjẹ ni Olúwa kọ́kọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni áńgẹ́lì sì jí i láti jẹun, kí ó tó rin ìrìn lọ sí òkè Hórébù.

Olùkọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Ìsinmi:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Màmá, àmọ́ n kò fẹ́ kí arábìnrin wa rò pé sùúrù nìkan ti tó. Hébérù 5 bá àwọn tó yẹ kí wọ́n ti di olùkọ́ wí, nítorí wàrà ni wọ́n ṣì ń mu. Ó ní ti àgbà ni oúnjẹ líle, àwọn tó ti fi ìlò kọ́ láti mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Ẹni tó ń ka ẹsẹ kan níhìn-ín, ẹsẹ kan lọ́hùn-ún, tí oorun sì ń gbé e lọ, kò tíì jẹun. Orí mẹ́rin péré ni ìwé Fílípì: ẹ fi oṣù kan gbáko tẹ́tí sí i nínú ọkọ̀ láti orí fóònù yín, ẹ tún un gbọ́ títí yóò fi máa wá sí yín lọ́kàn níbi iṣẹ́. Ẹ sì wá obìnrin kan tàbí méjì tí ẹ ó jọ máa gbàdúrà, nítorí Éfésù 4 sọ pé ara lódindi ni ó ń dàgbà, oríkèé kan kì í dá dàgbà. Ní ti iná, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún 1930 ni ìsọjí Òkè-Oòyè bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà, 1959 sì ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì tó ṣíwájú ìsọjí náà, tó sùn nínú Olúwa. A máa ń ròyìn ọdún àkọ́kọ́ yẹn dáadáa, a kì í sì fi bẹ́ẹ̀ sọ nípa bó ṣe ń fi òtítọ́ sìn ní gbogbo àwọn ọdún tó kù.

Arákùnrin Ajíhìnrere:
Ẹ ṣeun, Màmá, mo gba ti oògùn yẹn. Síbẹ̀, gbólóhùn mẹ́rin kéré. Kí ọkọ wọn gba iṣẹ́ alẹ́ Sátidé lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n lè fi wákàtí kan wà pẹ̀lú Olúwa.

Ìyá Ìbejì:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N kò ka ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Màá bá ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ Sátidé, yóò gbà. Àmọ́ kì í gbàdúrà sókè, ojú a máa tì í. Báwo ni a ó ṣe jọ máa gbàdúrà?

Ìyá Àgbà:
Ìwé Àdúrà ìjọ yín wà nílé, àbí? Kí ó máa ka àdúrà alẹ́ inú rẹ̀, kí ìwọ ṣe Àmín. Kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ kiri. Sáàmù 131 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ mẹ́ta péré ni, kí ẹ sì kà á létí ìyá rẹ̀.