Àjẹkù aṣọ ẹgbẹ́ ti kún àpótí: kí ni a lè fi wọ́n ṣe nínú ilé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ní Leeds:
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Láti ìgbà tí mo ti ń bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa dá aṣọ Ojúde Ọba, yálà mo wá sílé fúnra mi tàbí mo fi owó aṣọ ránṣẹ́, kò sí ọdún kan tí àjẹkù kì í bá mi padà: ọ̀pá kan ànkárá, ààbọ̀ ọ̀pá lẹ́ẹ̀sì, aṣọ òkè tí kò tó gèlè mọ́. Àpótí méjì ni wọ́n ti kún báyìí. Ilé tí mo háyà sì tutù gan-an, atẹ́gùn ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, àwọn tìmùtìmù inú pálọ̀ sì ti ṣá. Mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ kékeré kan, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ju kí n fi dí ojú ibi tí ṣòkòtò ti ya. Kí ni mo lè fi àwọn aṣọ yìí ṣe tí n kò ní gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀, tí n kò sì ní fi bà wọ́n jẹ́?

Ìyá Ṣágámù ní Manchester:
Àbúrò mi, má tíì fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Ohun tí wọ́n fẹ́ rán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò, wọn kì í wo irú aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn, ibẹ̀ ni aṣọ sì ti ń bàjẹ́. Tú àpótí méjèèjì sílẹ̀, kí o ya aṣọ òwú sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a fi ọ̀rá ṣe. Bí èyíkéyìí kò bá dá ọ lójú, fa fọ́nrán kan yọ lára rẹ̀, kí o fi iná kàn án lórí àwo irin: òwú gidi yóò jó di eérú bí ìwé, èyí tó jẹ́ ọ̀rá yóò yọ́, yóò sì ká jọ di kókó líle. Lẹ́yìn náà, fọ ànkárá kí o tó gé e, nítorí aṣọ òwú tuntun a máa súnkì. Bí àdìrẹ aláró bá wà nínú wọn, dá a fọ̀ nínú omi tútù títí omi yóò fi mọ́ kedere, kí o má sì tẹ̀ lé àwọn tó ń sọ pé iyọ̀ ni yóò mú aró dúró. Aró tó lé lára aṣọ gbọ́dọ̀ ṣàn jáde ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kun àga funfun rẹ.

Tìmùtìmù ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí kò ní síìpù. Bí tìmùtìmù rẹ bá jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, gé aṣọ kan ṣoṣo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 43, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 98. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: 40 fún iwájú, 40 fún ẹ̀yìn, 12 tí etí méjèèjì yóò fi gun ara wọn, 6 tí a óò fi ṣẹ́ etí wọn, 3 tó lé lórí ìbú jẹ́ ti ojú ìrán. Ṣẹ́ etí méjèèjì lórí gígùn rẹ̀, fi àyọ́ọ̀nù tẹ̀ wọ́n, kí o sì rán wọn. Wá tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọ sókè, ká apá méjèèjì wọ àárín títí yóò fi ku 40 gẹ́lẹ́, kí o rán òkè àti ìsàlẹ̀ ní 1.5 sẹ̀ǹtímítà sí etí. Bí o bá yí i síta, ẹnu rẹ̀ ti wà lẹ́yìn bí ẹnu àpò. Ànkárá sábà máa ń fẹ̀ tó 115 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà ọ̀pá kan yóò ṣe méjì, kódà bí ó bá ti súnkì díẹ̀.

Má fo àyọ́ọ̀nù yẹn o. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ṣágámù, ọ̀gá mi máa ń tú ìránṣọ ẹnikẹ́ni tí kò bá tẹ etí aṣọ kí ó tó rán an. Mo kà á sí ìkà nígbà náà.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Dublin:
Ní ti atẹ́gùn abẹ́ ilẹ̀kùn, àpò gígùn ni mo rán, a sì ń pè é ní erè nínú ilé wa. Wọn ilẹ̀kùn, kí o fi nǹkan bí 5 sẹ̀ǹtímítà lé e, gé aṣọ náà ní 25 níbùú, ká a sí méjì lóròó, rán ẹ̀gbẹ́ gígùn náà àti etí kan, kí o wá rọ àkísà kún inú rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo gígékù tí kò wúlò fún ohun mìíràn ń lọ. Mo ti fi ìrẹsì kún un rí nítorí kí ó lè wúwo, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà wa máa ń rin, kò pẹ́ tí kòkòrò fi wọ inú rẹ̀. Iyanrìn gbígbẹ tí a dì sínú ọ̀rá méjì ni mo fi sí àárín àkísà báyìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ní Houston:
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bọ̀ ọ́. Màmá mi fẹ́ fi ẹ̀rọ ìránṣọ wọn tó ń lo iná ránṣẹ́ sí mi láti ilé. Ṣé yóò ṣiṣẹ́ níbí?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Dublin:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́, àyàfi tí ó bá jẹ́ alọ́wọ́, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún iná ilé wa ń fẹ́ nǹkan bí 230 fólítì, bẹ́ẹ̀ 120 ni ti Amẹ́ríkà. Àwa tí a wà ní Ireland àti Britain kò ní ìṣòro yẹn, kódà ihò mẹ́ta kan náà ni a ń ki iná bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé alọ́wọ́ náà kí ó rántí pé irin ni, yóò jẹ ẹrù tán nínú bàálù.

Bàbá Ìpẹru ní London:
Mo ti ń kà á bọ̀ láti àárọ̀. Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àpótí dáadáa kí ẹ tó gé ohunkóhun tó bá jẹ́ ti àwọn òbí yín. Bí ẹ bá rí aṣọ nínípọn tí ọnà ara rẹ̀ yọ sókè, tí etí rẹ̀ ní wajawaja, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ aṣọ olọ́nà, irú èyí tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ń hun lórí òfì ìdúró. Ìtagbè tí àwọn olóyè àti àwọn Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ń gbé kọ́ èjìká wà lára irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń jókòó lé. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ni ín, ẹ pe ilé kí ẹ béèrè, kí ẹ sì ká a padà sí àyè rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ní Leeds:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo ti wò ó, kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Ṣágámù, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Mo ti rán tìmùtìmù mẹ́rin, erè náà sì ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àmọ́ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sínú wàhálà. Lẹ́ẹ̀sì dúdú aláràbarà kan ni mo fi rán ìdìkòkò, mo sì fi gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí iná. Ó yọ́ mọ́ etí ìkòkò náà, díẹ̀ ló kù kí ó jó mi lọ́wọ́.

Ìyá Ṣágámù ní Manchester:
Ọlọ́run ló kó ọ yọ. Kí ni mo wí nípa òwú àti ọ̀rá? Ìdìkòkò kò gba lẹ́ẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kò gba aṣọ òkè tó ní òwú dídán, nítorí èyí náà kì í fara da iná. Ànkárá òwú ni kí o fi ṣe ojú àti ẹ̀yìn, kí o to tawẹ̀lì òwú àtijọ́ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta sí àárín, kí o sì fi òwú ìránṣọ, kì í ṣe ti ọ̀rá, rán ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá kí inú rẹ̀ má baà sún. Bí ó bá tutù, má fi dì mọ́ ìkòkò rárá, nítorí ooru máa ń tètè gba inú omi dé ọwọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ní Leeds:
Mo gbọ́, mà. Ó ku aṣọ òkè. Mo gbé e síbi tí mo fẹ́ gé, ó sì ti ń tú lójú mi.

Ìyá Ṣágámù ní Manchester:
Bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn. Kí o tó gé e, fi gọ́ọ̀mù-sítéè, aṣọ fẹ́lẹ́ tí àyọ́ọ̀nù ń mú lẹ̀, lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kí o dín iná àyọ́ọ̀nù kù, kí o sì tẹ́ aṣọ mìíràn lé e lórí bí ó bá ní òwú dídán. Bí o bá ti gé e tán, fi ẹ̀rọ rán wọ́gọwọ̀gọ sí etí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ pẹ̀lú: 80 tó fún ànkárá, ṣùgbọ́n aṣọ òkè ń fẹ́ 90 tàbí 100. Bí èyí tí o ní yẹn ṣe kéré tó, má fi rán ohun tí a óò máa fọ̀ lójoojúmọ́. Fi ṣe ìlà kan sí àárín tìmùtìmù ànkárá, tàbí kí o fi tẹ́ orí tábìlì kékeré tí o ń gbé àwòrán àwọn òbí rẹ lé.