Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ya fótò ọ́fíìsì rí, báwo lẹ ṣe múra?

Déọlá_Ṣómólú: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ́fíìsì wa ní ká ya fótò tí wọ́n máa gbé sórí wẹ́bsáìtì, irú èyí tó máa ń mọ sí àyà yẹn, fótógíráfà ń bọ̀ lọ́jọ́ Friday. Mi ò ya irú ẹ̀ rí, àfi pásípọ́ọ̀tù. Kí lẹ wọ̀, kí lẹ kùn sójú? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ tiyín, torí fótò kì í gbè mí rárá.

Àrẹ̀mú01: Wẹ̀. Fọ ojú ẹ.

Mọ́ńjọlá: Àrẹ̀mú o ò serious 😂 Àǹtí Déọlá, ẹ má wọ funfun tó bá jẹ́ iwájú ògiri funfun ni, orí yín nìkan la máa rí. Ṣẹ́ẹ̀tì onílà wẹ́wẹ́ náà, ẹ fi sílé, àwọn ìlà yẹn máa ń jó nínú kámẹ́rà ni. Tí jákẹ́ẹ̀tì bá sì tóbi jù ẹ má dààmú, nígbà tí wọ́n ya tiwa ní báǹkì, pẹ́ẹ̀gì tá a fi ń sá aṣọ ni wọ́n fi há tèmi sẹ́yìn, mẹ́rin gbáko, iwájú dùn ún wò, ẹ̀yìn ò ṣeé rí.

Túndé_Kílípà: Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má gẹ irun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn o. Ẹ gẹ̀ ẹ́ ní bí ọjọ́ méjì ṣáájú kí ibi tó wú lọ́rùn ti rọlẹ̀. Àwọn kọ́sítómà mi kì í gbọ́, wọ́n á dé ní aago méje, wọ́n á ní fótò aago mẹ́sàn-án làwọn ń lọ, tí ọrùn bá wá kún fún kókó wọ́n á ní èmi ni.

Àrẹ̀mú01: Ìwọ náà ni. Máa fi sipíríìtì nu kílípà ẹ.

Màmá_Tóyìn: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mo ní pélé, mẹ́ta lọ́tùn-ún mẹ́ta lósì. Iléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní ká ya fótò, mo dirun, mo fi pọ́dà díẹ̀ síwájú orí àti imú torí iná wọn máa ń kọ mànà tójú èèyàn bá ń dán, mo wọ búláòsì búlúù tí kò ní òdòdó kankan. Fótógíráfà yà mí, ó dáa. Ìgbà tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, pélé ti lọ! Mo pè é. Ó ní "Mummy, mo bá yín yọ ọ́ ni, mi ò tiẹ̀ gbowó ẹ̀." Ó ń retí kí n dúpẹ́ o! Ìyá tó bí bàbá mi ló ní kí wọ́n kọ ọ́ fún mi, òun wá fi máòsì pa á rẹ́.

Ògbómọ̀ṣọ́_Boy: Haaa! Máòsì lásánlàsàn!

Ìyá_Àdùkẹ́: Irú ẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n mi, gọ̀ǹbọ́ ni tiẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ wo fótò títí, ó ní ta nìyí.

Káyọ̀dé_K: Ẹ má bínú ma, ṣé ẹ sọ fún un pé kó má yọ ọ́? Tó bá jẹ́ irorẹ́ ló yọ ṣé ẹ máa pariwo? Iṣẹ́ ẹ̀ ló ṣe.

Màmá_Tóyìn: Káyọ̀dé, irorẹ́ á lọ tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Pélé mi ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ.

Àrẹ̀mú01: 😂😂😂 Káyọ̀dé, sá wọlé

Káyọ̀dé_K: Mi ò sá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé 2003 pàápàá ti ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ilà fọ́mọ mọ́, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò rí i dàgbà. Fótógíráfà yẹn lè rò pé àpá ni.

Mọ́ńjọlá: Òfin ní kẹ́ ẹ má kọ tuntun, kò ní kẹ́ ẹ pa tàgbà rẹ́. Àǹtí Déọlá, kẹ́ ẹ tó jókòó ni kẹ́ ẹ ti sọ fún un o, irorẹ́, kó yọ ọ́, ilà àti àmì tí Ọlọ́run fi síni lára, kó fi í sílẹ̀.

Jọláadé_Houston: Ẹ má sì lọ fi fótò yẹn gba físà o. Láti November 2016 ni Amẹ́ríkà ti ní kéèyàn bọ́ awò ojú kó tó ya ti físà, ínǹṣì méjì sí méjì, ẹ̀yìn ẹ̀ á funfun, wọn ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi kọ̀ǹpútà tún ojú ṣe rárá. Àbúrò mi fi tọ́fíìsì ránṣẹ́ tòun tawò, wọ́n dá a padà.

Déọlá_Ṣómólú: Èmi ń lo awò o. Ṣé kí n bọ́ ọ ni?

Mọ́ńjọlá: Tọ́fíìsì kọ́? Ẹ wọ̀ ọ́ jàre, òun ni wọ́n mọ̀ yín mọ̀. Ẹ kàn rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀ kí iná má kọ nínú ẹ̀.

Ọmọ_Bẹẹrẹ: Bàbá wa àgbà ò lè gbà fún fótò tó mọ sí àyà láéláé. Tiwọn, wọ́n á jókòó, ọwọ́ méjèèjì á wà lórúnkún, agbádá á tẹ́ rẹrẹ, bàtà gbọ́dọ̀ hàn. Ìgbà kan tí fótógíráfà gé ẹsẹ̀ wọn kúrò, ìdajì owó ni wọ́n san, wọ́n ní ìdajì èèyàn ló yà.

Káyọ̀dé_K: Mo mọ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni bàbá yẹn.

Ọmọ_Bẹẹrẹ: Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí, Ìbàdàn ni wọ́n sin wọ́n sí. Màmá Tóyìn, ẹ bá mi mú Káyọ̀dé yìí.

Ìjẹ̀bú_Gidi: Mo ti wọlé. Ta ló dárúkọ wa?