Ẹja Fahaka mi ń bu gbogbo ẹja tí mo bá kó tì í jẹ: ṣé ó lè bá òmíràn gbé?

Ẹlẹ́jaTuntun (ìbéèrè):

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ìtọ́jú ẹja. Mo ní ẹja Fahaka kan, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *Tetraodon lineatus*, ọ̀kan nínú ìdílé àwọn ẹja tó máa ń fa omi sínú wú bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà wọ́n (pufferfish), ó sì ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14 báyìí. Inú àpótí gíláàsì tó ń gba omi lítà 200 ló ń gbé, pẹ̀lú ẹja cichlid mẹ́ta tí wọ́n tóbi jù ú lọ. Láìpẹ́ yìí ni ó gé lẹbẹ ìrù méjì nínú wọn, ó sì bu ìkẹta ní ikùn títí tí ìyẹn fi kú. Mo ti kó àwọn méjì tó ṣẹ́kù lọ sí ibòmíràn, síbẹ̀ òun alára kò sinmi: láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni ó ń lúwẹ̀ẹ́ gòkè sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Kò sì gbà láti jẹ ohunkóhun bí kò ṣe edé tí mo ti bó.

Ṣé àìsàn ló ń ṣe é tí ó fi ń hu irú ìwà yìí? Ǹjẹ́ a lè kọ́ ọ kí ó lè gba ẹja mìíràn mọ́ra? Ẹnì kan tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi iyọ̀ sí omi rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ràn ẹja yìí gidigidi, mo sì fẹ́ kí ó pẹ́ lọ́wọ́ mi.

OmiMímọ́:

Ẹ kú ìtọ́jú o. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí kì í ṣe àìsàn, ìwà tí a dá mọ́ Fahaka ni. Nínú àwọn odò tí ó ti wá, bí Odò Ọya, Odò Nile àti Odò Vọ́tà, ohun ẹlẹ́ran tí ó bá ṣe é bù jẹ ni oúnjẹ rẹ̀, pàápàá àwọn tó ní ìkarahun. Nítorí náà, ẹja tó bá wà níwájú rẹ̀ nínú àpótí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun méjì: oúnjẹ ni, tàbí àjèjì tó wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ tó lè yí èyí padà, kódà Fahaka ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní rí àyè lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dá gbé títí ayé rẹ̀. Ìdágbé kò fi ìyà jẹ ẹ́ rárá, ara rẹ̀ á sì balẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àpótí yín gan-an ló ń kọ mí lóminú. Fahaka lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 43, kíákíá ló sì máa ń dàgbà nígbà èwe rẹ̀. Lítà 200 kò lè gbà á pẹ́. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó fi Fahaka tó ti dàgbà sínú ohun tó kéré sí àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 150, tó fẹ̀ ní 60, tó sì ga ní 60, èyí tó ń gba nǹkan bíi lítà 540. Ìbú àpótí ṣe pàtàkì ju gíga rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹja náà gbọ́dọ̀ lè yí ara rẹ̀ padà láìfi ìrù gbá gíláàsì. Ẹ da iyanrìn múlọ́múlọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ó máa ń fẹ́ rì ara rẹ̀ mọ́ ọn títí tí ojú rẹ̀ nìkan á fi hàn síta. Ẹ to òkúta àti igi sí i kí ó lè ní ibi ìsápamọ́sí. Bí ẹja bá wà nínú àpótí tó há, tí ibẹ̀ sì ṣófo, tó tún ń rí òjìji ara rẹ̀ nínú gíláàsì, kò sí bí kò ṣe ní máa gòkè sọ̀kalẹ̀. Omi tí kò dára náà lè fa á, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó fura sí ohunkóhun mìíràn.

Ní ti iyọ̀, ẹ má fi sí i. Ẹja olómi iyọ̀ díẹ̀ bíi *Dichotomyctere nigroviridis*, aláwọ̀ ewé tó ní àmì dúdú lára, ni ìmọ̀ràn náà bá mu. Omi tí kò níyọ̀ ni Fahaka ń gbé láti kékeré títí dé ọjọ́ ogbó.

ÌyáẸlẹ́ja:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ OmiMímọ́, àyàfi lórí ibì kan. Mo ti rí Fahaka tí wọ́n kó àwọn ẹja kéékèèké tó yára tì, tí kò sì fọwọ́ kàn wọ́n fún ìgbà pípẹ́.

OmiMímọ́:

Mi ò jiyàn pé ó ṣẹlẹ̀, Ìyá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe yára tó ló dá wọn sí, kì í ṣe pé ó gbà wọ́n mọ́ra. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàárẹ̀, tàbí tí ebi bá pa Fahaka lóru, wọ́n á dàwátì. Mi ò rí ìdí tó fi yẹ kí a fi ẹ̀mí ẹja kan sínú ewu kí àpótí lè dùn ún wò.

AkànÀtiÌgbín:

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ, nítorí pé edé bíbó yẹn ni yóò dá wàhálà tó tún kàn sílẹ̀. Eyín mẹ́rin ni ẹja yìí ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ mọ́ra bí ẹnu ayékòótọ́. Àwọn eyín náà kò dáwọ́ dúró láti máa hù. Ìkarahun líle tí ẹja náà ń fọ́ nínú odò ló ń jẹ wọ́n kù. Bí ó bá jẹ́ ohun rírọ̀ nìkan ló ń jẹ, eyín á gùn débi pé kò ní lè la ẹnu jẹun mọ́, ebi ni yóò sì pa á kú níṣojú oúnjẹ.

Ẹ máa fún un ní ìgbín omi àti ìkarahun rẹ̀, ẹsẹ̀ akàn, àti edé tí a kò bó. Ekòló náà dára, ṣùgbọ́n kò wúlò fún eyín. Edé kan wà, àti àwọn ẹran inú ìkarahun kan, tí èròjà kan nínú wọn máa ń ba fítámì B1 jẹ́, nítorí náà ẹ má fi irú oúnjẹ kan ṣoṣo bọ́ ọ fún oṣù púpọ̀. Ó sàn kí ẹ máa sin ìgbín fúnra yín nínú àpótí kékeré kan, nítorí pé èyí tí a ṣà ní odò lè gbé kòkòrò àrùn tàbí májèlé oko wá. Bí ó bá kọ ohun tuntun, ẹ jẹ́ kí ebi pa á fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹja tí ara rẹ̀ dá kò ní tìtorí ìyẹn kú, ìgbín tó ń rìn níwájú rẹ̀ yóò sì tó fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Èyí tó ṣì kéré lè jẹun lójoojúmọ́, àgbà á sì máa jẹun ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta síra.

Bí eyín bá ti gùn jù, àwọn kan máa ń fi òróró kànáfùrù díẹ̀ kun ẹja lóorun kí wọ́n tó gé eyín náà. Ẹ jọ̀wọ́, dókítà ẹranko tàbí ẹni tó ti ṣe é dáadáa rí ni kí ẹ pè, torí pé òróró náà lè pa ẹja bí ó bá pọ̀ jù.

Ẹlẹ́jaTuntun:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti pinnu láti wá àpótí tó tóbi. Báwo ni mo ṣe máa gbé e kọjá sínú rẹ̀ láìfara pa, òun àti èmi?

OmiMímọ́:

Ẹ má tíì gbé e. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí àpótí tuntun náà gbó, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ amóníà, ìyẹn májèlé tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja wá, di nitrite, tí wọ́n sì ń sọ nitrite di nitrate, lè pọ̀ nínú ẹ̀rọ asẹ́mi. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ lè mú un yá bí ẹ bá gbé díẹ̀ nínú kànìnkànìn inú asẹ́ àtijọ́ sínú tuntun. Amóníà àti nitrite gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo kí ẹja tó wọ ibẹ̀. Ẹja yìí kò ní ìpẹ́ bíi ti ẹja yòókù, nítorí náà omi burúkú àti oògùn tó ní bàbà nínú tètè máa ń ṣe é léṣe. Ó sì tún máa ń da èérún oúnjẹ kálẹ̀ púpọ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ yín kí ẹ ra asẹ́ tó lágbára ju èyí tí wọ́n kọ fún ìwọ̀n àpótí yín lọ, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìlàjì omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pa kiloríìnì (èròjà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú omi ẹ̀rọ) inú omi tuntun náà, kí ẹ sì rí i pé bó ṣe lọ́wọ́ọ́wọ́ bá ti àtijọ́ mu, láàárín 24°C sí 27°C.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ má fi àwọ̀n gbé e jáde. Bí ẹ̀rù bá bà á nígbà tó wà lókè omi, atẹ́gùn ni yóò fà sínú dípò omi, ó sì lè má rọrùn fún un láti tú u jáde. Ẹ ti korobá oníke tó fẹ̀ bọ inú omi, ẹ rọra darí rẹ̀ wọlé, kí ẹ sì gbé òun àti omi pọ̀. Ẹ má ki ọwọ́ bọ omi lásìkò tí ebi ń pa á, nítorí pé Fahaka àgbà lè gé ẹran ìka. Májèlé tí a mọ̀ mọ́ ìdílé ẹja yìí kì í ti ẹnu rẹ̀ wọ ara ẹni tó bù jẹ, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀.

AkànÀtiÌgbín:

Ẹ fi nǹkan líle bo ẹ̀rọ amómigbóná àti gbogbo wáyà tó bá wọ inú omi, tàbí kí ẹ gbé wọn síta. Ó máa ń bù wọ́n jẹ.