Ìwé scan ní ọ̀sẹ̀ 8, ọkọ mi ò tíì pé ọ̀sẹ̀ 7 tó dé: ẹ wá sọ ìrírí tiyín nípa ọmọ inú

Aláṣọ Sábó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Aṣọ ni mò ń tà ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹ̀rín nílé wa báyìí, àmọ́ nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, kò pa ẹnì kankan lẹ́rìn-ín.

Tírélà ni ọkọ mi ń wà, Kánò àti Kàdúná ni ọ̀nà tiẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó pẹ́ lọ́hùn-ún nítorí pé ọkọ̀ bàjẹ́. Mo ti ṣe nǹkan oṣù mi tán kó tó dé. Ó dé, Ọlọ́run ṣe é, mo fẹ́ra kù. Nígbà tí nǹkan oṣù kejì kò wá, mo lọ ṣe scan níbì kan lẹ́bàá Gáráàjì. Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n kọ sórí ìwé. Mo fi ayọ̀ gbé e fún ọkọ mi. Ó kà á. Ó tún un kà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ ìka ṣírò, ètè ń mì, kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ mọ́. Ó ní, "Ìyàwó, ìgbà wo ni mo dé?" Mo ní ẹ ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ò tíì pé méje. Ó ní, "Ó dáa. Ta ló ni èyí tó ṣẹ́ kù?"

Ilé gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n pa ìyẹn tì. Ẹni tó yà mí lẹ́nu ni ìyá ọkọ mi. Mo rò pé tọmọ ẹ̀ ló máa ṣe. Láti Ìgbógbó ló ti gun kẹ̀kẹ́ Márúwá wá láàárọ̀, ó ní kí àwa méjèèjì wọṣọ, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì là ń lọ, òun ò ní í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan nílé.

Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn ti dàgbà díẹ̀. Kò bá ọkọ mi jà. Ó yọ páálí róbótó kan jáde látinú àpò aṣọ funfun ẹ̀. Páálí méjì ló gbé ara wọn, ti òkè kéré sí ti ìsàlẹ̀, wọ́n fi nǹkan kan há a láàárín kí ó lè máa yí. Ó bi mí lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù mi ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀, ó yí ti òkè títí ọfà ara ẹ̀ fi bọ́ sórí ọjọ́ náà, ó wá ní: "Bàbá, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dé la ti ń kà á, kì í ṣe ibi tí ẹ̀yin ti dé."

Ó ní obìnrin kì í sábà mọ ọjọ́ tí ẹyin ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tó rí nǹkan oṣù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka ọ̀sẹ̀ 40, ìyẹn ọjọ́ 280, láti ibẹ̀. Bí nǹkan oṣù obìnrin bá ń lọ déédéé, nǹkan bí ọjọ́ 14 ni ẹyin máa ń jáde. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kà yẹn, kò tíì sí oyún níkùn ẹnì kankan! Bí ìwé bá kọ ọ̀sẹ̀ 8, ọmọ fúnra ẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ. Ọkọ mi gba páálí náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó ń yẹ táyà wò. Ìyá ẹ̀ ní kó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Kò kúnlẹ̀ o, mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn. Ẹja yíyan ló rà fún mi nígbà tí à ń bọ̀.

Àmọ́ kí a tó kúrò níbẹ̀, òun gan-an ló béèrè pé báwo ni ọmọ náà ṣe wá rí báyìí. Nọ́ọ̀sì ní láti àtàrí dé ìdí, kò tíì pé sẹ̀ǹtímítà 2, síbẹ̀ ọkàn ẹ̀ ti ń lù láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, apá àti ẹsẹ̀ ti yọ, ìka ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni pé ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń wá, ọ̀sẹ̀ kẹfà yẹn náà ló ti ń pa dé, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń rò pé ibà ló ń ṣe wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹni tó bá ń retí oyún ti máa lo folic acid, 0.4 mg lójúmọ́, kó tó lóyún rárá. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tó gba káàdì kó tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ń sọ yẹn ti pa dé.

Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín.

Ìyá Ìbejì, Ìta Ẹlẹ́wà

Ẹ̀rín pa mí! "Ta ló ni èyí tó ṣẹ́ kù." Tèmi, nígbà tó pé bí ọ̀sẹ̀ 12 ni scan sọ pé méjì ni. Gbogbo wa ń yọ̀, dókítà kò yọ̀ bíi tiwa, ó ń wá ibi ọmọ. Ibi kan ṣoṣo ló rí fún àwọn méjèèjì. Ó ní ìbejì tó bá ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú ló ń jẹun tiẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó pín ibi kan, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn lára ọ̀kan lọ sára èkejì, kí ọ̀kan máa rù, kí èkejì máa wú. Láti ọ̀sẹ̀ 16, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń lọ ṣe scan. Owó ń lọ o, ẹ má wulẹ̀ dá a sílẹ̀.

Lórí ìwé, èyí tó bá wà nísàlẹ̀, tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ni wọ́n ń pè ní A. Èmi ti ń pè é ní Táyé láti ìgbà náà. Kẹ́hìndé fìdí jókòó sókè, kò yí orí wálẹ̀ títí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ. Ká ní òun nìkan ni, tó sì fẹsẹ̀ jáde, Ìgè là bá máa pè é.

Bàbá kan, Odòńgúnyàn

Èmi ń ki oríkì sí ikùn ìyàwó mi láràárọ̀. Nọ́ọ̀sì ní láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 25 ọmọ ti ń gbọ́ ariwo ìta, pé ohùn ìyá ló sì ń dé etí ẹ̀ jù. Nígbà tí a bí ọmọ tán, ohùn ìyá ẹ̀ ló ń gbọ́ tó ń dákẹ́. Mo ti gbà.

Adúkẹ́ Agric

Ọmọ sísọ ni tèmi. Àwọn tí a jọ ń lọ sí kíníìkì aláboyún ń sọ pé ọlẹ̀ ti sọ nínú àwọn. Ẹni tó ti bímọ rí nínú wọn ti mọ̀ ọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ 16. Tèmi dákẹ́. Mo ń fọwọ́ sí ikùn, mo ń mu omi tútù, mo ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ṣe scan tó máa ń wáyé ní bí ọ̀sẹ̀ 20, mo rí ọmọ tó ń ta ẹsẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n náà, èmi tí ó wà nínú mi ò mọ̀ ọ́n lára! Wọ́n ní iwájú ikùn ni ibi ọmọ lẹ̀ mọ́, òun ni ẹsẹ̀ ọmọ ń bá kó tó kàn mí. Ó lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 22 kí n tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tó yá, òsúkè gan-an mo ń mọ̀, ikùn á máa mì tìtì.

Ẹ̀gbọ́n mi tún ní n kò gbọdọ̀ jẹ ìgbín, kí ọmọ má baà máa da itọ́. Mo jẹ ẹ́. Ọmọ da itọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà da itọ́, bẹ́ẹ̀ òun ò fẹnu kan ìgbín.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú

Ẹ kú ìjíròrò. Aláṣọ, nọ́ọ̀sì yẹn ṣiṣẹ́ ẹ̀ ire. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un: scan ìbẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí oyún dáadáa, torí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ọmọ ló ń dàgbà bákan náà. Nígbà tó bá di oṣù keje, òmíràn ti sanra, òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́, scan lè fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣì í. Ẹ má jẹ́ kí ìwé ẹ̀yìn pa ọjọ́ tí ìwé àkọ́kọ́ fún yín rẹ́.

Ẹ̀fọn etí ọ̀sà wa yìí ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti tọmọ kì í dà pọ̀. Inú ibi ọmọ ni oúnjẹ àti atẹ́gùn ti ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ìwọ́ ló ń gbé e lọ. Inú ibi yẹn gan-an ni kòkòrò ibà máa ń sá sí. Ara ìyá lè máà gbóná rárá, kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ máa dín kù, kí ọmọ máa kéré sí i nínú. Oògùn ibà tí a ń ní kí ẹ gbé mì lójú wa, láti bí oṣù kẹrin, tí ó kéré tán oṣù kan wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ń fi í sábẹ́ ahọ́n, wọ́n á tu ú dànù lẹ́nu géètì. A ń rí yín o.

Ọlọ́mọ Kékeré, Ìta Olúwo

Ọ̀sẹ̀ 31 ni tèmi bọ́. Àwọn ìyá àgbà àdúgbò wa ní ọmọ oṣù méje máa ń yè, pé ti oṣù mẹ́jọ ni kì í dúró. Dókítà ní kò rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá lò sí i nínú, èrè ni. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń kó wa láyà sókè. Nínú ikùn, omi ni ọmọ fi ń kọ́ bí a ṣe ń mí, ó sì nílò ohun ọ̀rinrin kan tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò atẹ́gùn inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ̀ pọ̀. Ó di bí ọ̀sẹ̀ 34, 35, kí nǹkan yẹn tó pọ̀ tó. Nígbà tí ìrọbí mú mi, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ kan tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó kíákíá, wọ́n tún gún èkejì lẹ́yìn wákàtí 24. Ọlọ́run jẹ́ kí ìrọbí náà dúró dè é.

Kílò kan ààbọ̀ ni ọmọ mi. Irun wẹ́wẹ́ bo èjìká àti ẹ̀yìn ẹ̀, ìyá mi pariwo nígbà tó rí i. Wọ́n ní gbogbo ọmọ ló máa ń ní in nínú, àwọn tó bá pé oṣù ló ti ń re dànù kí wọ́n tó wáyé. Wọ́n ní kí n bọ́ èwù, wọ́n gbé ọmọ sí mi láyà, awọ sí awọ, wọ́n fi ìró ọ̀já gbà wá mọ́ra. Ìlú Bogotá ní Colombia ni wọ́n ti dá ètò yẹn sílẹ̀ ní 1978, nítorí àpótí amọ́mọ-móoru kò kárí. Bàbá ẹ̀ náà ń gbà á sáyà nígbà tí mo bá fẹ́ wẹ̀. Ó ti wọ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi báyìí, ẹnu ẹ̀ ò sì dákẹ́.

Ìyàwó Tuntun, Èbúté

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 5 ni mo wà, scan ò rí ọmọ, àpò omi kékeré kan ṣoṣo ni. Mi ò tíì sùn.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 5, àpò yẹn ni a sábà máa ń rí. Ọkàn tó ń lù, ó di ọ̀sẹ̀ 6 sí 7. Ṣé inú ilé ọmọ ni wọ́n kọ pé àpò náà wà? Bí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, lóru ni o, lọ́sàn-án ni o.

Ìyàwó Tuntun, Èbúté

Inú ilé ọmọ ni wọ́n kọ, mà. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìrora. Òórùn ẹja nìkan ni mi ò lè gbọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹja ni ìyá ọkọ mi ń tà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní kí n padà wá.