"Ilé ọmọ" kọ́, "àyíká" náà kọ́: kí la fẹ́ pe ohun tí sẹ́ẹ̀lì hun yí ara rẹ̀ ká?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí a ti jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká máa pe extracellular matrix, ìyẹn ohun tó wà lóde sẹ́ẹ̀lì (àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa) tó sì gbá a mú, ní "ilé ọmọ", nítorí pé ilé ọmọ ni matrix túmọ̀ sí ní èdè Látìnì. Àbúrò wa kan fèsì pé "àyíká sẹ́ẹ̀lì" ti tó, ká má da ara wa láàmú. Ìwé pélébé kan nípa ọmú ni mò ń kọ lọ́wọ́ fún àwọn ìyá níbí n'Ìbàdàn, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròyé lásán lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Tí mo bá kọ ọ́ pé ilé ọmọ ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ọmú pé kó ṣe omi ọmú, ikùn ni ìyá tó ń kà á máa gbé ọwọ́ lé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

"Àyíká" ló le díẹ̀, torí kò ṣì. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò ṣe nǹkan kan. Gọ́tà wà ní àyíká mi, ariwo máíkì wà ní àyíká mi, kò sí èyí tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ọwọ́ mi. Ohun tí à ń wá orúkọ fún yìí ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì níṣẹ́.

Ẹ wò ó báyìí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mú sẹ́ẹ̀lì láti inú ọmú èkúté tó lóyún, wọ́n dà á sínú àwo oníke, wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n tún fún un ní prolactin, họ́mónù tó ń mú kí omi ọmú wá. Sẹ́ẹ̀lì tẹ́ pẹrẹsẹ sídìí àwo bí ẹyin díndín, iṣẹ́ sì dáwọ́ dúró: kò sí casein, purotéènì inú omi ọmú. Bẹ́ẹ̀ jíìnì casein, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe casein, ṣì wà nínú rẹ̀ digbí, ohunkóhun ò bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n wá kó irú sẹ́ẹ̀lì kan náà sórí nǹkan kan tó kún fún laminin, ọ̀kan lára àwọn purotéènì inú ohun tí à ń wá orúkọ fún yìí, tó dì bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù nínú ewé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ká ara wọn jọ, wọ́n di róbótó kéékèèké tó ní ihò nínú, casein sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú ihò náà. Prolactin kan náà ni o. Ibi tí wọ́n jókòó lé ló yàtọ̀.

Mina Bissell, ọmọ Ìráànì tó fi Berkeley ní Amẹ́ríkà ṣe ibi iṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ti kọ ọ́ jáde ní 1982 pé àlọ àti àbọ̀ ni: sẹ́ẹ̀lì ń ṣe ohun tó yí i ká, ohun tó yí i ká náà ń ránṣẹ́ padà sínú sẹ́ẹ̀lì, títí dé ọ̀dọ̀ jíìnì.

Mo ro èyí fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta mọ́ínmọ́ín ní Mọ́kọ́lá. Ó ń ká ewé eéran lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ìyẹn náà lẹ ń pè ní ìwádìí? Ẹ̀wà kan náà ni mò ń lọ̀. Èyí tí mo pọ́n sínú ewé àti èyí tí mo bù sínú agolo, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu ẹ?" Mo fẹ́ẹ̀ẹ́ mú "ìpọ́n" lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà kọ́ ló ń ṣe ewé tí a fi ń pọ́n ọn, a ń ra ewé náà wá láti ọjà ni. Sẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó múlé gbè é ló ń hun laminin àti collagen, purotéènì mìíràn bíi rẹ̀, fúnra wọn.

Aláǹtakùn ló sún mọ́ ọn jù. Òun ló hun ilé rẹ̀, inú rẹ̀ ló ń gbé, tí okùn kan bá sì gbọ̀n, ibẹ̀ ló ti ń mọ ohun tó kàn láti ṣe. Nítorí náà "ìhunyíká" ni mo mú wá síwájú yín. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ èdè á ní ti gírámà ni "ìhun". Kò séwu, gbólóhùn àti sẹ́ẹ̀lì kò lè pàdé lójú ọ̀nà.

(Ẹ̀yin tí ẹ ní "àhámọ́" ni ká pe sẹ́ẹ̀lì, mi ò bá yín jà, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọlọ́pàá ló ń fi èèyàn sí àhámọ́.)

Ó ku gene expression, ìyẹn kí ohun tó wà nínú jíìnì di ṣíṣe nínú sẹ́ẹ̀lì, tí ọ̀pọ̀ yín ń kọ ní "ìfarahàn jíìnì". Mo kà á sétí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan náà. Ó ní, "Ó farahàn? Ṣé iwin ni?" Mo gbà fún un. Jíìnì kì í farahàn, iṣẹ́ ló ń rán, ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe purotéènì sì ni oníṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìjíṣẹ́". Jíìnì lè wà nínú sẹ́ẹ̀lì láìjíṣẹ́, bí ti casein ṣe wà nínú àwo oníke yẹn. "Ìfarahàn" kò lè gbé ìyẹn.

Mo fi àwọn méjèèjì dán ìdí tí ọmú fi ń gbẹ wò. Tí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, àwọn ẹ́ńsáìmù kan, purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀bẹ, á gé ìhunyíká jálẹ̀, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe omi ọmú á kú, jíìnì casein ò sì ní jíṣẹ́ mọ́. Ó wọlé sí mi lẹ́nu. Tí ẹ bá fi "àyíká" sí i, "wọ́n gé àyíká", ìjọba ìbílẹ̀ ló máa dà bíi pé ó wá tún àdúgbò ṣe.

Integrin, purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì tó fi ọwọ́ kan di ìhunyíká mú, tó fi èkejì wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ni mi ò tíì rí orúkọ fún. "Ìkọ́" ló ń wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìkọ́ kì í gbọ́rọ̀, èyí sì ń gbọ́. Gbólóhùn tó wà nínú ìwé pélébé mi ní báyìí nìyí: "Prolactin nìkan kò tó. Kí jíìnì omi ọmú tó lè jíṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ di ìhunyíká rẹ̀ mú." Ẹ bá mi wo "di mú" yẹn, àbí "fara kan" ló sàn jù?