Ìṣirò ìwúwo ẹlẹ́dẹ̀ ìbílẹ̀ mi kò bá ìwọ̀n mu, ẹ gbà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, lọ́nà Oǹdó. Ẹlẹ́dẹ̀ ìbílẹ̀ méje ni mo ní: dúdú, ẹnu gígùn gbọọrọ, etí kékeré tó nà ṣánṣán. Wọ́n ní kí n tà wọ́n, kí n ra ti òyìnbó. Èèpo gbágùúdá ni tèmi ń jẹ tí wọ́n fi ń bímọ, mi ò ní tà wọ́n.

Téèpù télọ̀ ni mo fi ń wọ̀n wọ́n: àyíká àyà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, àti gígùn láti àárín etí dé ìdí ìrù. Mo sọ àyíká àyà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà pẹ̀lú gígùn, lẹ́yìn náà pẹ̀lú 69.3. Abo kan jẹ́ mítà 0.80 àti 0.85, ìyẹn bíi kìlógíráàmù 38. A gbé e lé ìwọ̀n alápatà, 33 ni!

Ṣé ti ẹlẹ́dẹ̀ òyìnbó ni ìṣirò yẹn ni, àbí èmi ni n kò wọ̀n ọ́n dáadáa? Tó bá ti gbórí sókè báyìí, gígùn rẹ̀ á yí padà. Báwo lẹ ṣe ń mú tiyín dúró jẹ́ẹ́? Mo fẹ́ mọ akọ tí màá fi sílẹ̀ kó máa gun àwọn abo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.