Mo ki káàdì bọ router, router ò rí i rárá. Ẹ gbà mí o

Àkànní: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi. Ọ̀gá wa ní kí n fi káàdì tó ń fi ojú wáyà kún router sínú router ọ́fíìsì (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa) kí íńtánẹ́ẹ̀tì kejì lè wọlé, torí èyí tí à ń lò ń já lójoojúmọ́. Mo ra káàdì tòkúnbọ̀, ẹni tó tà á búra pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo kì í bọ̀ ọ́, iná kankan ò tàn lójú rẹ̀. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní èmi ni mi ò mọṣẹ́, òun ò sì ní dá owó padà. Ọ̀gá ń wò mí bí ẹni tó jí owó ọ́fíìsì. Yàrá tí router wà gan-an, ilẹ̀kùn ibẹ̀ ò ṣe é tì, gbogbo rẹ̀ ló kún fún eruku. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Àdìó: Router wo? Káàdì wo? Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sójú káàdì ni kí o kọ, kì í ṣe ohun tí òǹtajà pè é. Kí o tẹ àṣẹ show version àti show inventory lórí router, kí o sì lẹ èsì wọn síbí. Láìsí ìwọ̀nyí, àfọ̀ṣẹ là ń ṣe.

Àbẹ̀kẹ́: Ṣé ẹ pa router kí ẹ tó ki káàdì bọ̀ ọ́?

Àkànní: Cisco 2911 ni. HWIC-4ESW ni wọ́n kọ sójú káàdì. Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ọgbọ̀n èèyàn ló ń lo router yẹn, mi ò lè pa á lọ́sàn-án gangan. Wọ́n sì sọ fún mi pé router ńlá ò nílò kí wọ́n pa á.

Àjàní: Ẹ ò béèrè kí ẹ tó rà á, ẹ ò béèrè kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Ìgbà tí ó bàjẹ́ tán lẹ wá ń béèrè.

Àbẹ̀kẹ́: Àjàní, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Àkànní, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lórí 2911, a kì í ki HWIC tàbí EHWIC (irú káàdì tó ń wọ inú ihò rẹ̀) bọ̀ ọ́ nígbà tí iná wà lára rẹ̀. Ìgbà tí router bá ń tan ló máa ń ka káàdì tó wà nínú ihò rẹ̀. Ìran router ISR 4000 ló gba kí a ki NIM, káàdì tiwọn, bọ̀ ọ́ láìpa á. Kódà níbẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ ó kọ́kọ́ tẹ hw-module subslot 0/1 stop.

Lálẹ́ òní, tí gbogbo èèyàn bá ti lọlé, ẹ tẹ copy running-config startup-config láti fi ètò router pamọ́. Ẹ má gbàgbé èyí o, torí ohun tí ẹ ò bá fi pamọ́, á lọ pẹ̀lú iná. Ẹ pa router, ẹ fa wáyà iná rẹ̀ yọ. Ẹ wọ okùn ọrùn ọwọ́ tó ń gbé iná ara lọ sílẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ irin router. Ẹ tú síkírù méjèèjì, ẹ fa káàdì jáde, kí ẹ wo eyín wúrà tó wà létí rẹ̀. Pẹ̀lú eruku tí ẹ sọ yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti ṣú. Ẹ fi isopropyl alcohol díẹ̀ sórí aṣọ tí kì í tú fọ́nrán, ẹ fi nù ún, kí ó gbẹ. Ẹ tì í padà títí ojú rẹ̀ yóò fi bá ẹ̀yìn router dọ́gba. Tó bá yọrí síta bí ẹ̀kanná báyìí, kò tíì wọlé nìyẹn. Síkírù ò ní fà á wọlé fún yín, ẹ tún un tì kí ẹ tó dè é.

Ọlálékan: Gbogbo ìyẹn ti pọ̀ jù. Kó tẹ reload kí router pa ara rẹ̀ tàn, á rí i.

Àbẹ̀kẹ́: Ó lè rí i. Ṣùgbọ́n reload kì í gé iná kúrò lára ihò. Káàdì tí kò wọlé dáadáa ò ní tìtorí reload wọlé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tún un tì nígbà tí iná wà níbẹ̀.

Àdìó: Òótọ́ ni. Ihò tó bá ṣófo, kí ìdérí rẹ̀ wà níbẹ̀ o. Òun ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba ibi tó yẹ kó gbà.

Àkànní: Mo ti ṣe é. Eyín rẹ̀ dúdú lóòótọ́. show inventory ti dárúkọ rẹ̀ báyìí! Àmọ́ tí mo bá wọ FastEthernet0/1/0 (ojú àkọ́kọ́ lára káàdì) tí mo tẹ ip address láti fún un ní àdírẹ́sì, kò gbà. Káàdì yìí bàjẹ́ àbí?

Àdìó: Kò bàjẹ́. Switch ni ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣe ni wọ́n kàn ń so ẹ̀rọ pọ̀, wọn kì í gba IP fúnra wọn. VLAN, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a pín sọ́tọ̀ lórí switch, lo máa fún ní IP: vlan 20, kí o wọ interface fa0/1/0, kí o tẹ switchport access vlan 20. Lẹ́yìn náà, interface vlan 20, ip address, no shutdown. Tí router bá kọ vlan 20, lo vlan database. Wáyà gbọ́dọ̀ wà lójú kan ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, VLAN ò ní gbéra.

Àṣàkẹ́: Ká ní ẹ béèrè ni, EHWIC-1GE-SFP-CU ló ń gba IP tààrà. 100 Mb/s péré sì ni ojú kọ̀ọ̀kan HWIC-4ESW. Ṣùgbọ́n ohun kan ń rú mi lójú. 2911 ní ojú Gigabit mẹ́ta lára tẹ́lẹ̀. Kí ló wà ní Gi0/2, ẹ̀kẹta wọn?

Àkànní: Íńtánẹ́ẹ̀tì wà ní Gi0/0, ọ́fíìsì ní Gi0/1. Gi0/2 ti kú látìgbà tí a ti ra router, wáyà ò tan iná rẹ̀ rí. Ìdí tí mo fi ra káàdì nìyẹn.

Àdìó: Tẹ show ip interface brief, kí o lẹ ìlà Gi0/2 síbí.

Àkànní: GigabitEthernet0/2 unassigned YES NVRAM administratively down down

Àdìó: Àbúrò, kò kú. Títì ni wọ́n tì í. Wọ inú rẹ̀, tẹ no shutdown.

Àkànní: Iná ti tàn. Up, up. Ẹ̀yin ará, owó tí mo ná sórí káàdì yìí ń dùn mí gan-an.

Àjàní: Ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Àṣàkẹ́: Ẹ má banú jẹ́. Ẹ fi íńtánẹ́ẹ̀tì kejì sí Gi0/2, kí ẹ fi káàdì ṣe ti kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Àkànní: Mo ti fi ip route kejì (ọ̀nà sí íńtánẹ́ẹ̀tì) síbẹ̀ pẹ̀lú 200 níparí, kí router má lò ó àfi tí ti àkọ́kọ́ bá já. Mo fa wáyà Gi0/0 yọ, router gba ọ̀nà kejì, ping (ìdánwò ọ̀nà) láti orí rẹ̀ ń lọ. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni kò rí nǹkan kan ṣí.

Àbẹ̀kẹ́: NAT ló ń yí àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì padà kí wọ́n tó jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ip nat outside wà lórí Gi0/2? Ìlà ip nat inside source ńkọ́, ṣé Gi0/0 nìkan ló dárúkọ?

Àkànní: Kò sí lórí Gi0/2. Gi0/0 nìkan ni ìlà yẹn dárúkọ.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣe route-map (òfin tó ń yan ohun tí NAT máa mú) méjì, kí ọ̀kan ní match interface Gi0/0, kí èkejì ní Gi0/2, kí access-list ọ́fíìsì (àkójọ àdírẹ́sì ibẹ̀) wà nínú méjèèjì. Ẹ kọ ìlà NAT kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú overload, kí gbogbo kọ̀ǹpútà lè jọ lo àdírẹ́sì kan, ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ tẹ clear ip nat translation *. Ẹ mọ̀ pé 200 yẹn, ìgbà tí Gi0/0 fúnra rẹ̀ bá wó ló máa ń ṣiṣẹ́ o. Tí modem bá wà láàárín, tó jẹ́ pé òkè ni íńtánẹ́ẹ̀tì ti já, iná Gi0/0 á ṣì máa tàn, router ò sì ní yí ọ̀nà padà.

Àkànní: Modem wà láàárín lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n parí ti NAT ná, mò ń bọ̀.